Nọ́ọ̀tù Mẹ́fà Inú Agolo Mílíìkì

Irin náà fò.

Hezekiah ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà gbàà, bí ẹni tó ti parí iṣẹ́. Bí ilẹ̀kùn ti dún báyìí ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ dídán tó yí fèrèsé ká ta kúrò lára ọkọ̀ bí ejò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ó gba orí tòlótòló méjì kọjá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìkòkò ìrẹsì, ó sì lọ gúnlẹ̀ sínú abọ́ ńlá tí àwọn obìnrin ti ń ṣa ẹ̀wà. Ẹ̀wà fọ́n ká gbogbo àgbàlá. Àwọn obìnrin pariwo, wọ́n sá, wọ́n tún padà wá wò ó, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀.

"Ewúrẹ́ ta ló tún kú?" Rhoda ló bèèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó Hezekiah ni, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

Hezekiah yọ irin náà nínú ẹ̀wà, ó fi etí aṣọ nù ún, ó gbé e padà sídìí ọkọ̀. Aago méje àárọ̀ ti kọjá. Aago mẹ́wàá ni ìsìn ìgbéyàwó Rejoice, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, yóò bẹ̀rẹ̀ ní Ìkòyí. Nínú gbogbo ìlú tó wà ní Ìjùmú, Ìkòyí náà ni ọmọ ti lọ rí ọkọ!

Ẹni tó bá mọ Hezekiah ní Kábà mọ ohun tí Ìkòyí jẹ́ fún un. Iṣẹ́ ara ọkọ̀ ló ń ṣe. Ibi tó bá wọnú, ó ń lù ú jáde; ibi tó bá ya, ó ń jó o pọ̀. Kò kàwé kọjá kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá fi àtẹ́lẹwọ́ ra ara ọkọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ gbogbo ibi tó ti forí gbá. Ohun kan ṣoṣo ló ń ṣe agídí lé lórí, nọ́ọ̀tù tí bóòtù ń wọ̀ ni. Ó gbà pé nọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ ní ibùjókòó, kí a jó o mọ́ irin pátápátá, kí ó má lè yẹsẹ̀. "Nọ́ọ̀tù tó bá ń rìn kiri," a máa wí, "ọmọ ìta ni."

Kọ́láwọlé kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni nígbà náà, àwọn méjèèjì ló jọ ni ṣọ́ọ̀bù. "Irin fèrèsé ń gbóná, ó ń tutù," ni Kọ́láwọlé wí. "Fírémù ọkọ̀ tí a sì ti lù lẹ́ẹ̀mẹta, ihò ara rẹ̀ kò sí níbi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Jẹ́ kí nọ́ọ̀tù máa rìn títí yóò fi bá ihò pàdé. Ìgbà yẹn ni kí o tó wá dè é." Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé nọ́ọ̀tù mẹ́fà, ó fi fáìlì ha èjìká wọn pẹrẹsẹ kí wọ́n lè máa rìn nínú ojú gbọọrọ tó wà lẹ́yìn irin fèrèsé, bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń rìn lórí okùn. Ó kó wọn sínú agolo mílíìkì, ó gbé e ka iwájú Hezekiah. Hezekiah wò ó, ó yọ ṣùtì, ó sì jó nọ́ọ̀tù tirẹ̀ mọ́ irin fèrèsé bọ́ọ̀sì oníbàárà.

Ní ọjọ́ kẹta, nínú oòrùn ọ̀sán gangan, láàárín ìlú Ìkòyí, irin náà ta kúrò lára bọ́ọ̀sì, ó sì lu ewúrẹ́ kan tó dúró jẹ́jẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu. Ewúrẹ́ náà kú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Kọ́láwọlé ti sọ Hezekiah lórúkọ níwájú gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ní Kábà: Apewúrẹ́. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ọmọdé ń pè é. Àwọn oníbàárà ń fi bèèrè ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ń ka orúkọ àwọn tó mú iṣu ìdúpẹ́ wá kà á bẹ́ẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ṣì í pè.

Ó di ọdún mẹ́sàn-án tí Hezekiah kò bá Kọ́láwọlé sọ̀rọ̀. Wọ́n pín ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan kọjú sí èkejì, títì ló wà láàárín. Láràárọ̀ ni Kọ́láwọlé máa ń na ohùn kí i láti òdìkejì: "Okun o!" Láràárọ̀ náà ni Hezekiah máa ń kọjú sí ògiri. Nílẹ̀ Okun, kí a kí ènìyàn kí ó má dáhùn, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Hezekiah mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣe é. Bí Gloria ìyàwó rẹ̀ bá bẹ̀ ẹ́, á ní, "Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé."

Agolo mílíìkì náà ńkọ́? Kò jù ú nù. Ó gbé e sórí àjà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Lọ́dọọdún, tí ọjọ́ tí ewúrẹ́ kú bá pé, á gbé e sọ̀kalẹ̀, á rọ òróró ẹ́ńjìnnì díẹ̀ lé àwọn nọ́ọ̀tù náà lórí, kí ìbínú rẹ̀ má baà dípẹtà.

Ní báyìí ó dúró sídìí Píjò àtijọ́ tó ti ń tún ṣe láti ọdún mẹ́ta, tó ti búra pé òun ni Rejoice yóò wọ̀ lọ sílé ọkọ. Ẹ́ńjìnnì ń dún wúyẹ́wúyẹ́. Ọ̀dà rẹ̀ ń dán bí omi. Irin fèrèsé yìí nìkan ló kù. Ó ti jó nọ́ọ̀tù mẹ́fà mọ́ ọn lẹ́yìn lánàá. Mẹ́rin bá ihò pàdé, méjì kò bá a, ó sì fi agbára fà wọ́n wọlé. Àwọn méjì náà ló ta á sínú ẹ̀wà yìí. Láìsí irin yẹn, kò sí ohun tí yóò di rọ́bà mú, gíláàsì yóò já wọ inú ilẹ̀kùn, eruku ọ̀nà yóò sì ti sọ aṣọ funfun ìyàwó di pupa kí wọ́n tó dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Gloria jáde sí i, gèlè lọ́wọ́. "Bàbá Rejoice, ẹ má bínú o. Mo ti ránṣẹ́ sí Kọ́láwọlé pé kó gbé Tòyótà rẹ̀ wá. Bí èyí kò bá ṣeé gbé, ọmọ á wọ ìyẹn."

"Ta lo ní o ránṣẹ́ sí?"

"Ẹ ti gbọ́ mi."

"Kí ọmọ mi jókòó sínú ọkọ̀ Kọ́láwọlé wọ Ìkòyí? Ìkòyí? Ó sàn kó fẹsẹ̀ rìn!"

Rejoice yọjú lójú fèrèsé yàrá, ìdajì orí rẹ̀ ni wọ́n tíì ṣe. "Bàbá, mi ò níí fẹsẹ̀ rìn o, mi ò sì níí wọ Tòyótà. Píjò lẹ ṣèlérí fún mi." Ó rẹ́rìn-ín sí i, ó sì wọlé padà. Ẹ̀rín yẹn ló dá Hezekiah lágara ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí ó dá ọmọ náà lójú pé bàbá òun yóò ṣe é.

Ó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà létí àgbàlá. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó gun àpótí, ó gbé agolo sọ̀kalẹ̀.

Ó fi òòlù gbá àwọn nọ́ọ̀tù tó ti jó kúrò, ó fi fáìlì ha ojú wọn dán, ó sì rọra ti nọ́ọ̀tù mẹ́fà inú agolo sínú ojú gbọọrọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wọlé wẹ́rẹ́. Wọ́n ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀. Ó bú wọn.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ nìyí: láti ìta ni wọ́n ti ń fi ẹyọ ìgbálẹ̀ sún nọ́ọ̀tù, láti inú ọkọ̀ ni wọ́n sì ti ń fi sípánà yí bóòtù wọ̀ ọ́. Hezekiah sún un, ó sá yí ọkọ̀ ká, ó dùbúlẹ̀ lórí ìjókòó, ó ti bóòtù. Nọ́ọ̀tù ti lọ. Ó jáde, ó sún un padà, ó sáré wọlé. Ó tún ti lọ. Ìgbà kẹta, tòlótòló kan tẹ̀ lé e yí ọkọ̀ ká, ó ń kùn.

"Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí!" Rhoda ké láti ìdí ìkòkò.

"Máa ṣa ẹ̀wà rẹ!"

Ó padà dùbúlẹ̀. Òógùn bo ojú rẹ̀. Ó ti bóòtù sínú ihò, ó ń sọ̀rọ̀ sí i láàárín eyín: "Wá, ìwọ ọmọ ìta yìí. Wá síbí."

Nọ́ọ̀tù náà wá.

Bóòtù bù ú jẹ. Hezekiah yí i lẹ́ẹ̀kan, ó yí i lẹ́ẹ̀kejì, ó mú. Rhoda ti ṣàánú òun, ó rò bẹ́ẹ̀. "Ó dáa. Sún èkejì bọ̀."

Èkejì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀.

"Ó ti kọjá. Dá a padà díẹ̀."

"Díẹ̀ bíi báwo?"

"Ìdajì èékánná."

"Ó ti débẹ̀."

Ó ti débẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n bọ́ sórí ìkẹta. Ọwọ́ Hezekiah ń lọ geere, kò tilẹ̀ ronú sí i mọ́. Ó ń bá súfèé kékeré kan lọ, súfèé tí ẹnìkan ń fọn láàárín eyín méjì tó ní àlàfo, níta, lódìkejì irin. Ọdún méjìlá ló fi ṣiṣẹ́ pẹ̀lú súfèé yẹn. Ìkẹta ti le dáadáa kí orí rẹ̀ tó gbọ́ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀.

Sípánà dúró.

Súfèé náà dúró.

Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń wo àjà ọkọ̀. Ó ti bá a sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko, ó sì ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ lórí ìdajì èékánná! Ó lè dìde. Ó lè lé e lọ. Nọ́ọ̀tù mẹ́ta ló kù, aago sì ti ń lọ sí mẹ́jọ àbọ̀.

"Àwọn nọ́ọ̀tù yìí kò dípẹtà," ohùn Kọ́láwọlé wí láti ìta, wọ́ọ́rọ́.

Hezekiah yí sípánà lọ́wọ́. Ó ní, "Mò ń rọ òróró sí wọn."

"Fún ọdún mẹ́sàn-án?"

"Lọ́dọọdún."

"O ò sì lò wọ́n. Kí lò ń rọ òróró sí wọn fún?"

Hezekiah ya ẹnu. Èsì náà ti wà nílẹ̀ fún un tipẹ́. Ó ti sọ ọ́ fún ara rẹ̀ lórí àpótí yẹn lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. "Kí n má baà gbàgbé pé mò ń bá ọ bínú."

Ẹyẹ kan ké lórí igi máńgòrò. Lẹ́yìn náà ni ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í mi ọkọ̀ náà. Hezekiah kọ́kọ́ rò pé Kọ́láwọlé ló faratì í tó ń rẹ́rìn-ín. Lóòótọ́ ló ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ló ń mi ọkọ̀.

Nígbà tí wọ́n rí èémí mí, Kọ́láwọlé ní, "Orúkọ yẹn, Hezekiah. Kò yẹ kí n sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Láti ọdún kejì ni mo ti fẹ́ wí i fún ọ, ògiri lo máa ń kọjú sí."

"Sún ìkẹrin bọ̀," ni Hezekiah wí.

Ìkẹrin wá. Ìkarùn-ún wá. Ìkẹfà rìn jìnnà kó tó bá ihò rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìbú ìka kan sí ibi tí Hezekiah ìbá ti jó o mọ́.

Ó jáde. Ó di ilẹ̀kùn mú. Àwọn obìnrin sá sẹ́yìn, Rhoda sì fi ọmọrí bo abọ́ ẹ̀wà, ó tún jókòó lé e. Hezekiah ti ilẹ̀kùn náà gbàà! Irin náà dúró. Ó tún un tì. Ó dúró síbẹ̀, ó ń dán, ojú oòrùn àárọ̀ wà nínú rẹ̀.

Hezekiah gba òkè òrùlé ọkọ̀ wo Kọ́láwọlé lódìkejì. Irun rẹ̀ ti funfun. Ìgbà wo nìyẹn ṣẹlẹ̀?

"Okun," ni ó wí.

"Okun o," ni Kọ́láwọlé dáhùn, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú bí ẹni pé òógùn ni.

Aago mẹ́sàn-án àbọ̀ ni wọ́n gbéra. Hezekiah wa Píjò fúnra rẹ̀, agbádá ká a lọ́rùn. Kọ́láwọlé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyàwó wà lẹ́yìn nínú funfun báláú. Bíọ́lá, ọmọ Kọ́láwọlé, ló fi Tòyótà gbé Gloria àti Rhoda tẹ̀ lé wọn, orin ń ti ibẹ̀ wá.

Níbi tí ọ̀nà ti wọ Ìkòyí, ewúrẹ́ kan dúró láàárín títì. Ó ń jẹ nǹkan. Kò yà.

Hezekiah tẹ bíréèkì. Rejoice fi ọwọ́ bo ẹnu. Kọ́láwọlé wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bá nídìí ẹran. Ewúrẹ́ náà gbórí sókè, ó sì wo Hezekiah tààrà.

Hezekiah yọ orí lójú fèrèsé, ó fi ọwọ́ kan fìlà rẹ̀.

"Okun o, àna mi," ni ó wí fún un. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ á kọjá. Ìgbéyàwó la bá wá."

Ẹ̀rín tó bú nínú Píjò yẹn, wọ́n gbọ́ ọ nínú Tòyótà. Rejoice rẹ́rìn-ín títí àtíkè fi ń ṣàn lójú rẹ̀. Ewúrẹ́ náà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, jẹ́jẹ́, bí àgbà.

Wọ́n tún rìn. Ọ̀nà náà rí gbágungbàgun, Hezekiah sì tẹ́ etí sílẹ̀ sí fèrèsé. Kò sí ohun tó ń mì. Agolo mílíìkì náà wà níwájú rẹ̀ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tó gbé e sí láàárọ̀. Ó mú un, ó sì mì í bó ṣe máa ń mì í lọ́dọọdún. Kò dún. Ó gbé e sílẹ̀. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ti ń lù níwájú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, súfèé kékeré náà ti bẹ̀rẹ̀ padà. Ó ronú kan ọjọ́ ewúrẹ́ ti ọdún tó ń bọ̀, ó ronú títí, kò sì rí ohun tí yóò rọ òróró sí.