M Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Orúkọ Loretta

"Ṣé ká máa bẹ̀rẹ̀?" Dwight bi Loretta, ó sì rọra ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí iwájú rẹ̀.

Loretta wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ṣé èmi lò ń bi?"

"Ta ni kí n bi? Ṣebí ìwọ ni M."

Gbọ̀ngàn kékeré nínú òtẹ́ẹ̀lì kan ní Omaha, níbi tí àwọn òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ti ń ṣe àpéjọ, ti kún. Àwọn òǹkàwé kan múra bí ẹni inú ìwé, wọ́n fi páálí ṣe ìhámọ́ra ogun, obìnrin kan sì so ìyẹ́ mọ́ ẹ̀yìn débi pé kò lè fara ti àga. Loretta mú ìwé ètò, ó tún un wò. Lóòótọ́, "Loretta Haskell (M)" ni wọ́n kọ. Inú rẹ̀ ti ń dùn láti ìgbà tó ti kọ́kọ́ rí i, torí Maxine ni orúkọ rẹ̀ kejì, ìyá bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́, kò sì sí ẹni tó ń pè é mọ́. Ó rò pé ńṣe ni wọ́n bọ̀wọ̀ fún òun.

"Mo rò pé Maxine ni M yẹn," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Dwight rẹ́rìn-ín títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi ń mì. "Módírétọ̀ ni, arábìnrin. Atọ́kùn. Ìwọ lo máa bi wá ní ìbéèrè, àwa la máa sọ̀rọ̀. Atọ́kùn kì í sì í polówó ìwé tirẹ̀, o ṣáà mọ̀."

Loretta ò mọ̀. Ìlà iwájú ni Gretchen jókòó sí, obìnrin tó ń bá a tẹ ìwé jáde, ẹni tó ti là á mọ́lẹ̀ fún un nídìí oúnjẹ àárọ̀ pé, "Ẹ má bínú, ìwé yín mẹ́ta tí a ti tẹ̀ ò tà bó ṣe yẹ. Mo fẹ́ gbọ́ bí ẹ ṣe ń sọ ìtàn yín fún èrò. Bó bá wọ̀ wọ́n lára, a ó tẹ ìkẹrin. Bí kò bá wọ̀ wọ́n lára, ibi tó mọ nìyẹn."

Ìkẹrin yẹn ló sì máa parí ìtàn ọbabìnrin tó ta ohùn rẹ̀ fún odò. Bí wọn ò bá tẹ̀ ẹ́, odi ni obìnrin náà máa yà títí láé. Bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé ni Loretta ń wà, tí àwọn ọmọ bá sì ti sọ̀kalẹ̀ tán, òun nìkan á máa fi ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ lónìí dánra wò lórí ìjókòó rẹ̀.

Ó ní kí Dwight bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe gbáà ni. Dwight ti to ìwé rẹ̀ síwájú bí ògiri, ó sì mú un láti orí èyí tó kọ́kọ́ kọ. Ẹni tó bá ti lọ sí irú àpéjọ yìí rí mọ̀ pé bí Dwight bá gbá ẹ̀rọ mú, kí èèyàn yáa lọ wá kọfí mu. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Tessa wà, ọmọbìnrin tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ó kó ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ tábìlì.

Loretta ló ni iṣu, òun náà ló ni ọ̀bẹ. Bí Loretta bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Dwight tó sì sọ tara rẹ̀, ta ló máa bi í léèrè? Ṣùgbọ́n ó rántí ọdún tó kọjá, tó jókòó ti ọkùnrin yìí kan náà, tí kò rí ohun kankan sọ ju "Mo gbà bẹ́ẹ̀" lọ. Àánú ọmọ náà ṣe é.

"Dwight," ó fi ohùn tó ń fi bá ọmọ tó dìde dúró nínú bọ́ọ̀sì wí sọ ọ́, "ó tó báyìí. Tessa ló kàn."

"Mi ò tíì dé ibi tó dùn."

"Fi ibi tó dùn sílẹ̀ fún àwọn tó máa ra ìwé."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Dwight ti ẹ̀rọ sí ọ̀dọ̀ Tessa.

"Tessa, ọmọkùnrin inú ìwé rẹ ń bẹ̀rù dírágónì tó ń gùn. Kí ló dé tó ṣì ń gùn ún?"

Tessa sún mọ́ ẹ̀rọ. "Torí... kò sí nǹkan mìíràn tó lè gbé e kúrò nílé bàbá rẹ̀."

Loretta mi orí sí i pé kó máa bá a lọ. Tessa tún sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì jáde lábẹ́ tábìlì.

Nígbà tó kan ìbéèrè àwọn èrò, bàbá kan nawọ́ sókè. "Tèmi kì í ṣe ìbéèrè o, àlàyé kékeré ni." Àwọn èèyàn kérora.

"Ẹ fi àmì ìbéèrè parí rẹ̀, sà," Loretta ní, "kó lè kúrú."

Nígbà tí àkókò pé, èrò rọ́ lọ bá Tessa. Màmá arúgbó kan wá bọ Loretta lọ́wọ́. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ̀yin náà máa ń kọ nǹkan?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Loretta wọnú egungun. Inú báàgì ni ìwé rẹ̀ ṣì wà.

Gretchen dé. "Ẹ tukọ̀ wọn dáadáa. Àmọ́ kí ni kí n lọ sọ fún ọ̀gá mi? Mi ò gbọ́ orúkọ ìwé yín, kódà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

"Mo mọ̀."

"Ó dùn mí gan-an ni." Ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Bó ṣe ń lọ ni Calvin, tó ń ṣètò àpéjọ, ń sáré wọlé. "Àǹtí Loretta, ẹ gbà mí. Ọkọ̀ òfuurufú ẹni tó yẹ kó ṣe atọ́kùn fún ètò tó kàn níbí ò tíì balẹ̀. Bí a ṣe ń parí ìtàn gígùn ni wọ́n fẹ́ sọ. Gbogbo èèyàn ló ń yìn yín. Ẹ tún bá wa ṣe M."

"Kò burú" ti dé etí ètè Loretta. Ó gbé e mì.

"Màá jókòó pẹ̀lú wọn," ó ní, "ṣùgbọ́n ẹ wá atọ́kùn mìíràn. Mo ní ọ̀rọ̀ tèmi tí mo fẹ́ sọ."

"Ta la máa rí nísinsìnyí?"

"Èmi," Tessa dá a lóhùn láàárín èrò. "Mo ti ka ìwé wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì pẹ́ tí mo ti fẹ́ bi wọ́n ní nǹkan."

Loretta yọ ìwé kan ṣoṣo nínú báàgì, ó gbé e nàró síwájú rẹ̀. Gretchen ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo aago, ó padà, ó sì jókòó sí àga tó kẹ́yìn pátápátá láìsọ báàgì kalẹ̀.

Nígbà tí gbogbo wọn jókòó tán, Tessa fa ẹ̀rọ mọ́ra. "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ọbabìnrin yín fi ta ohùn rẹ̀?"

Gbogbo ohun tí Loretta ti fi dánra wò nínú bọ́ọ̀sì fò lọ lórí rẹ̀. Ó gba ẹ̀rọ.

"Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá mi," ó ní, "kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Ohun tó fẹ́ sọ fún mi ni mo ń wá nínú àwọn ìwé yìí."