Obìnrin Aláṣọ Pupa Inú Àlá

"Ṣé obìnrin aláṣọ pupa yẹn ti yọ̀ǹda kí o délé?"

Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ nìyẹn nígbà tó gbé fóònù sétí. Kò tíì lajú tán. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Káfíńtà, ló pè é.

"Obìnrin wo? Dókítà mi, ṣé o ti jí ṣá?"

"Má pè mí ní dókítà rẹ. Lọ pe ẹni tó fà ọ́ lọ́wọ́!"

Ó pa fóònù. Ìgbà náà ni oorun tó kù wá dá lójú rẹ̀, ó sì rí i pé orí ibùsùn òun lòun wà. Àlá ni. Àlá ọ̀hún náà ni: Káfíńtà wọ aṣọ ìgbéyàwó, obìnrin aláṣọ pupa fà á lọ́wọ́, àwọn méjèèjì ń lọ lójú títì gbọọrọ kan, wọn ò sì wẹ̀yìn. Gbogbo rẹ̀ mọ́ kedere ju ojú ayé lọ. Ó tilẹ̀ rí bọ́tìnnì kan tó ti já lára aṣọ obìnrin náà.

Màmá Àgbà, ìyá ìyá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"O tún lá a?"

"Mo tún lá a, Màmá."

"Àlá tó bá ń pààrà ẹni ti kúrò ní ọ̀rọ̀ oorun. Ìfura loògùn àgbà, ọmọ mi. Ìgbéyàwó ku oṣù kan, àyè ṣì wà fún ọ láti ronú. Ìwọ wo bàbá rẹ àgbà. Mo rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́ kí n tó fẹ́ ẹ. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kò ní lè sáré tẹ̀lé obìnrin."

Lọ́jọ́ mìíràn, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ì bá ti rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀. Lónìí, ó kàn wọ bàtà ni. Ó ti pinnu. Tó bá ṣíwọ́ iṣẹ́, yóò lọ bá Káfíńtà ní ṣọ́ọ̀bù, yóò sì sọ fún un pé kí kálukú máa bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í dunni. Ìdí tí àwọn aláìsàn fi sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ ló ti pàdé Káfíńtà, géńdé tí àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, tó rí abẹ́rẹ́ lókèèrè tó sì dákú. Nígbà tó lajú, ojú ọmọbìnrin náà ló kọ́kọ́ rí, láti ọjọ́ náà kò sì fẹ́ wo ibòmíràn mọ́. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kì í mọ ẹni tó ni ín. Lọ́jọ́ kan tí èrò pọ̀, aláìsàn kan ja apá gbà lójijì, abẹ́rẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lára rẹ̀ la ìbọ̀wọ́ Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ kọjá, ó gún un ní àtàǹpàkò. Kòkòrò apa-sójà-ara, èyí tó ń fa àrùn éèdì, sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni náà. Kíá ni wọ́n fún un ní oògùn tí kì í jẹ́ kí kòkòrò náà ráyè fìdí múlẹ̀. Lálaalẹ́ ló ń lò ó. Tó bá tán, wọn yóò tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò.

Káfíńtà kò gbọ́. Ta ni yóò gbọ́ irú ìyẹn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní yá nílẹ̀?

Lọ́sàn-án, ó lọ gba èyí tó kù nínú oògùn náà. Apòògùn ilé ìwòsàn, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀, gbójú sókè wò ó.

"Ojú rẹ ti jìn. Ṣé inú ń run ọ́ ni?"

"Díẹ̀, Àǹtí. Orí náà máa ń fọ́ mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan."

"Oorun ńkọ́?"

"Mò ń sùn, àmọ́..."

"Àmọ́ àlá kò jẹ́ kí o gbádùn ẹ̀."

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ la ẹnu sílẹ̀. "Ta ló sọ fún yín?"

"Oògùn náà ni. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ń ṣe àwọn kan. Àlá á gùn, á mọ́ kedere, tí wọ́n bá jí, wọ́n á rò pé ó ṣẹlẹ̀ ni. Ẹnì kan ní ewúrẹ́ ń kọ́ òun ní ìṣirò, ewúrẹ́ ọ̀hún sì burú ju tíṣà òun lọ! Ìwọ, kí lò ń rí?"

"Obìnrin aláṣọ pupa. Ó ń gba ọkọ mi lọ."

"Háà. Ewúrẹ́ sàn."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ rín in títí tó fi di ẹkún, apòògùn sì dúró dè é.

"Má lò ó lálẹ́ mọ́, àárọ̀ ni kí o máa lò ó. Ó lè fúyẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí kò bá fúyẹ́, tàbí tí ọkàn rẹ bá ń rẹ̀wẹ̀sì, tètè padà wá ká bá dókítà sọ ọ́. Má sì dá a dúró o, jọ̀ọ́."

"Mi ò ní dá a dúró. Ṣé pé kò sí obìnrin kankan níbì kan, Àǹtí?"

"Oògùn ló mú kí àlá rẹ mọ́lẹ̀. Ohun tí ò ń rí níbẹ̀, èmi kọ́ ni mo kó o sínú páálí oògùn."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá a rìn lójú ọ̀nà. Bó ti ń kọjá níwájú àwọn ilé ìtajà, ó ń rò ó. Káfíńtà kò lọ síbì kankan. Láràárọ̀ ló ń pè, láràárọ̀ ló ń gba èébú. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́; òun ló dákẹ́, òun ló fi ẹ̀rù ara rẹ̀ rán aṣọ pupa náà, tó sì wọ̀ ọ́ fún ẹni tí kò sí.

Káfíńtà ń fá pákó nígbà tó wọlé. Lẹ́búlẹ́bú igi ti bo ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Ṣé aláṣọ pupa ló rán ọ, àbí ìwọ fúnra rẹ lo wá?"

"Mo fẹ́ wá sọ pé ká fi ìgbéyàwó sílẹ̀ ni," ó wí. Ojú ọkùnrin náà yí padà. "Àmọ́ kọ́kọ́ gbọ́ ìdí rẹ̀."

Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí abẹ́rẹ́ dórí àlá. Kò sinmi, kí ẹ̀rù má baà gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó parí, Káfíńtà ti jókòó sórí pákó tó ń fá.

"Ṣé ó dùn ọ́?"

"Kí ni?"

"Abẹ́rẹ́ náà. Nígbà tó gún ọ."

Gbogbo ìbéèrè ayé ló ti múra sílẹ̀ fún, àfi ìyẹn. "Ó dùn mí," ó wí.

"Inú ń bí mi o. Kì í ṣe sí abẹ́rẹ́. Ìwọ! O dá nìkan gbé irú ẹrù yìí, o wá ń fi obìnrin tí mi ò mọ̀ rí bú mi." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, lẹ́búlẹ́bú sì tún kún un. "Ìgbà wo ni wọ́n máa tún fa ẹ̀jẹ̀ rẹ?"

"Tí oògùn bá tán. Mi ò sì mọ bó ṣe máa rí."

"Ṣé àga tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́?"

"Àga kẹ̀?"

"Àga tí èèyàn lè fi ọwọ́ gbá mú, tí òòyì bá ń kọ́ ọ. Èyí tí mo bá níbẹ̀ lọ́jọ́sí, bí àpótí ló rí." Ó ti dìde, ó ń ṣa igi lára ògiri, ó ń wọn èyí mọ́ ìyẹn. "Màá kan tèmi dání lọ́jọ́ tí a bá ń lọ."

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ fẹ́ sọ fún un pé ilé ìwòsàn kì í gba kí èèyàn gbé àga wá láti ilé. Ó wò ó, ó sì bá a di orí pákó kan mú. Bí òun yóò ṣe jókòó tì í láì dákú ni ọkùnrin yìí ń rò. Bóyá òun yóò bá a lọ, kò tilẹ̀ sí lára ohun tó ń rò.