Ọwọ́ Ó-Yá

"Mi ò ní ki ọwọ́ mi bọ inú ẹ̀, Mọ̀mí."

Obìnrin tó ń wé búrẹ́dì sínú ọ̀rá ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó dúró síwájú ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun, ó ká apá mọ́ra, ó tẹjú mọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ìyẹ̀fun tí wọ́n pò lánàá ti gan mọ́ inú àgbá ẹ̀rọ náà bíi sìmẹ́ǹtì. Ọkùnrin tó máa ń fá a ò wá. Ibà ti dá a dùbúlẹ̀. Iná ti lọ láti ìdájí, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tó máa dé.

"Ta ló wá fẹ́ fá a?" ọ̀gá bi í. "Èmi?"

"Ẹ̀yin lẹ ni ilé búrẹ́dì yín. Wíwé lẹ gbà mí fún. Lọ́jọ́ tí mo dé, ẹ fọwọ́ gbá tábìlì yẹn, ẹ ní, 'Ibí ni tìẹ.' Ibẹ̀ náà ni mo wà."

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín nídìí ààrò. "Lọ́yà! Bá wọn rò ó!"

Lọ́yà ni wọ́n ń pè é, torí kì í gbé ohun tí kì í ṣe tiẹ̀. Tó bá gbálẹ̀, abẹ́ tábìlì tirẹ̀ nìkan ni. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀gá rí i pé ojú tí wọ́n fi ń wo òun ti ń yí padà. Tí ẹnìkan bá kọ̀ lónìí tó sì mú un jẹ, ta ni yóò gbọ́ràn lọ́la?

"Ẹjọ́ ti parí, Lọ́yà. Gbé báàgì ẹ, kó o máa lọ. Má padà wá."

Obìnrin náà ò bẹ̀bẹ̀. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó ká a kó dọ́gba, ó fi í lé orí tábìlì rẹ̀, ó jáde.

"Ó-Yá!" ọ̀gá pè.

Ọkùnrin tó ń tajà níwájú ilé búrẹ́dì ló sáré wọlé. Àbúrò ọ̀gá ni, ọmọ ìyá kan náà. Ó níyàwó, ó bímọ. Látìgbà tí òwò tirẹ̀ ti dojú dé, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti ń jẹ. Iṣẹ́ yòówù kí wọ́n rán an, "ó yá" ni. Bó ṣe gba orúkọ nìyẹn. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, ìyá wọn máa ń wí. Ó-Yá gba òwe yẹn gbọ́ ju ẹni tó ń pa á lọ.

"Bá mi fá àgbá yìí."

"Ó yá, ẹ̀gbọ́n." Ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó nawọ́ sí súìṣì ara ògiri.

"Má pa á!" ọ̀gá ké mọ́ ọn.

Òfin ilé búrẹ́dì nìyẹn. Tí iná bá lọ, wọn kì í pa ẹ̀rọ náà. Bí iná bá dé, ẹ̀rọ á ké, gbogbo ẹni tó ti sùn sórí àpò ìyẹ̀fun á dìde. Agogo wọn ni. Iná wọn kì í pẹ́ kó tó tún lọ. Ẹni tó bá pa súìṣì tó gbàgbé ti ba iṣẹ́ ọjọ́ kan jẹ́.

Ó-Yá fawọ́ padà. Ó ki apá ọ̀tún bọ inú àgbá, ó ń fá.

"Ẹ wò ó," ọ̀gá sọ fún àwọn yòókù. "Báyìí là á ṣe ń ṣiṣẹ́."

Nígbà tí ẹ̀rọ náà ké, wọ́n dìde bí wọ́n ṣe máa ń dìde. Ẹnìkan tiẹ̀ pàtẹ́wọ́, ó ní, "Iná dé o!" Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ igbe kejì.

Lọ́sàn-án, ọ̀gá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọsibítù, ẹ̀jẹ̀ àti ìyẹ̀fun ti gan pọ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀. Bàbá tó ń yan búrẹ́dì jókòó tì í.

"Ọkùnrin tí ibà dá yẹn máa ń pa á o, Mọ̀mí," bàbá náà sọ nígbà tó yá.

"Ó máa ń pa kí ni?"

"Súìṣì. Tó bá fẹ́ fá àgbá, á kọ́kọ́ yọjú wò bóyá ẹ wà nítòsí, á wá pa á. Tó bá fá a tán, á tún tàn án. Gbogbo wa la mọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

Bàbá náà wo bàtà rẹ̀. "Ẹni tó já yín ní koro láàárọ̀ ńkọ́? Ibo ló wà báyìí?"

Dókítà jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ọ̀gá ní kó sọ ọ́ bó ṣe rí.

"A máa gé apá náà, mà. Lókè ìgunpá. Ó sì yẹ kó fẹnu ara rẹ̀ gbà fún wa."

"Èmi ni màá sọ fún un."

Ó-Yá wà lójúfò. Ìyẹ̀fun ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Ọ̀gá ò jókòó.

"Wọ́n ní àwọn máa gé e," ó ní.

Kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́. Ó dúró de èébú. Ó fẹ́ kó bú òun, kó bú ilé búrẹ́dì, kó ní òun ò gbà, kí àwọn nọ́ọ̀sì sáré wá dì í mú.

Ó-Yá wo ojú rẹ̀ dáadáa, bó ṣe máa ń wò ó láti mọ̀ bóyá inú ń bí i.

"Ó yá, ẹ̀gbọ́n." Ó sọ ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Ṣé kí n dìde báyìí?"

Ọ̀gá di ẹsẹ̀ náà mú kó tó kanlẹ̀. Ẹnu Lọ́yà ló rí lọ́kàn, bó ṣe là á láàárọ̀ tó ní òun ò ní ṣe é. Látìgbà tí ìyá wọn ti ń pọ̀n ọmọkùnrin yìí sí i lẹ́yìn, kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí, kò sì béèrè ìdí. Ìwà rere ló ń pè é.

Ó gbé ẹsẹ̀ náà padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹsẹ̀ náà ò bá a jà.