Ọ̀gá Tó Lọ Di Ọmọṣẹ́

Ọdún kejì tí Kíkẹ́lọmọ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ìkẹ́rẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í dín ìpékeré. Ẹ̀yìnkùlé ilé tó háyà ló gbé ààrò sí, òun àti Blessing, ọmọbìnrin kan tí wọ́n jọ ń gbé yàrá. Bí wọ́n bá ti kúrò ní kíláàsì báyìí, ọ̀bẹ ti dé ọwọ́ wọn nìyẹn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ a tín-ín-rín, iyọ̀ rẹ̀ a mọ níwọ̀n, kì í sì í lo òróró kan náà títí tí yóò fi dúdú. Kí ó tó gba ìwé-ẹ̀rí, kò sí ṣọ́ọ̀bù gidi kan láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀ àti Èmùré tí kò so ìpékeré Kíkẹ́ kọ́ síwájú. Àwọn obìnrin mélòó kan ti ń bá a ṣiṣẹ́. Àwọn ará ìjọ wọn a sì máa fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ tiwọn.

Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ìyọnu dé. Ìpékeré tó ń ró kàràkàrà lọ́jọ́ Ajé yóò ti rọ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn oníṣọ́ọ̀bù a sì dá a padà. Ó pààrọ̀ ọ̀rá, ó pààrọ̀ òróró, pàbó ló já sí. Nígbà tó sú u, ó wọ mọ́tò lọ sí Adó, sí ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí ìpékeré tiwọn kì í rọ̀, ìbáà ṣe ẹ̀ẹ̀rùn, ìbáà ṣe òjò. Ó ní òun fẹ́ rí ẹni tó ni ín.

Alàgbà Bánjọ, tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, tọ́ ìpékeré Kíkẹ́lọmọ wò. Ó tún mú òmíràn.

"Èyí dùn ju tèmi lọ," ló wí. "Kí wá lò ń wá lọ́dọ̀ mi?"

"Mo fẹ́ mọ ohun tí ẹ ń ṣe sí i tí kì í fi í rọ̀, sà."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. "Ohun tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́, o fẹ́ gbà á lórí ìdúró. Bí o bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, wá bá mi ṣiṣẹ́."

Àwàdà ni bàbá náà fi ṣe, ṣùgbọ́n Kíkẹ́lọmọ kò gbà á ní àwàdà. Ó padà sílé, ó sọ fún bàbá rẹ̀. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni Ọ̀gbẹ́ni Olúwọlé, inú sì bí i gidigidi.

"Ìwọ tí àwọn ènìyàn ń pè ní ọ̀gá, o fẹ́ lọ máa pe ẹlòmíràn ní ọ̀gá? Ṣé orí rẹ pé báyìí?"

"Bàbá mi, ibi tí ìmọ̀ mi mọ ni mo dé yìí. Bí mo bá jókòó síbẹ̀, ẹ̀yìnkùlé náà ni mo máa wà títí."

"Bí wọ́n bá lé ọ ńkọ́?"

"Wọn ò lè gba ohun tí mo bá ti kọ́ lọ́wọ́ mi."

Bàbá rẹ̀ kò fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò dí i lọ́nà. Kíkẹ́lọmọ fa ààrò àti àwọn oníbàárà lé Blessing lọ́wọ́, ó sì lọ.

Alàgbà gbà á síṣẹ́, ìdí ẹ̀rọ tó ń dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n sì fi í sí. Ó dé fìlà mọ́ irun, ó wọ bàtà rọ́bà bíi ti gbogbo ènìyàn. Níbẹ̀ ló ti mọ̀ pé ìpékeré tí a bá dì nígbà tí kò tíì tutù tán, oru inú rẹ̀ ló ń mú un rọ̀, àti pé inú yàrá tí wọ́n ti ń dì í gbọ́dọ̀ gbẹ. Ó gba àyè lọ́wọ́ Alàgbà kí ó tó sọ ọ́ fún Blessing. Kò dúró síbẹ̀. Ó ń bi àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe léèrè ọ̀rọ̀, ó ń bá àwọn awakọ̀ jókòó, ó ń fi òpin ọ̀sẹ̀ kàwé sí i. Ọdún ń gorí ọdún, ó di alábòójútó, ó sì di ọ̀gá gbogbo àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn náà ni ẹni tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún wọn láti ìpínlẹ̀ mìíràn ṣíwọ́ lójijì. Ẹ̀rọ dákẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ń wojú ara wọn. Alàgbà Bánjọ, tí ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́, pe ìgbìmọ̀ ilé-iṣẹ́ náà jọ. Akínpẹ̀lú, ọ̀gá àwọn tó ń tajà, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Òun ni gbogbo ènìyàn gbà pé yóò gba ipò Alàgbà.

"Ẹ jẹ́ kí á ti ibí yìí pa, kí á kó lọ sí Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni ọjà wà."

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bẹ ní Ìjàn, ó ń bẹ ní Ìlúmọba, nítòsí wa níbí," ni Kíkẹ́lọmọ fèsì. "A ò tíì débẹ̀ wò, a ti fẹ́ sá. Ẹ fún mi ní oṣù kan."

Wọ́n fún un.

Nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìjàn ni àwọn àgbẹ̀ ti gbà á lálejò. Nígbà tó fi èdè Ìkẹ́rẹ́ kí wọn, ẹnì kan kígbe pé, "Ọmọ ulé ni!" Inú wọn dùn pé ọmọ ilé ló dé, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ìyá Ẹniolúwa, tí oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ tirẹ̀ tóbi jù níbẹ̀, dìde.

"Àwọn kan ti wá báyìí rí. Wọ́n ní kí á gé e sílẹ̀, ọkọ̀ ń bọ̀. A gé e, ọkọ̀ ò dé, ó jẹrà níṣojú wa. Kí ló mú tìrẹ yàtọ̀?"

"Ẹ má gé e títí ẹ ó fi rí mi, mà. Èmi fúnra mi ni mo máa bá ọkọ̀ wá ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Bó ṣe ìdì kan ṣoṣo lẹ ní, a máa gbé e."

Ọjọ́bọ̀ pé, òjò ńlá rọ̀. Ọkọ̀ rì sínú ẹrẹ̀ kí ó tó dé oko. Awakọ̀ ní kí àwọn padà. Kíkẹ́lọmọ bọ́ bàtà, ó ká sòkòtò sókè, ó fẹsẹ̀ rìn wọ oko lọ. Ìyá Ẹniolúwa wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Nínú òjò yìí?"

"Mo ní mo ń bọ̀, mà."

Ìyá náà fa àdá yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe àwọn ọlọ́kadà, wọ́n sì ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà jáde díẹ̀díẹ̀ sí títì, níbi tí wọ́n fa ọkọ̀ náà padà sí, títí ó fi tán. Kò pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ Ìlúmọba àti Iro fi ránṣẹ́ pé kí ó wá sọ́dọ̀ tiwọn náà. Ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nígbà tí Alàgbà Bánjọ fẹ̀yìn tì, Kíkẹ́lọmọ ni ìgbìmọ̀ fi jẹ ọ̀gá àgbà. Kò díbọ́n pé òun kò tó o. "Mo dúpẹ́," ló wí. "Mo lè ṣe é." Nígbà tí bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ lórí fóònù, ó ní kí ó jẹ́ kí òun tètè lọ sọ fún pásítọ̀ kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́.

Akínpẹ̀lú ni ọ̀rọ̀ náà dùn. Kò yọjú síbi iṣẹ́ mọ́. Kíkẹ́lọmọ kò dúró dè é. Ó wa mọ́tò lọ bá a nílé, ó kúnlẹ̀ kí i bí ó ti yẹ kí á kí ẹni tó juni lọ. Lẹ́yìn náà, ó jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ẹ rò pé ẹ̀yin ni ipò yìí tọ́ sí. Mi ò wá bẹ̀bẹ̀ pé mo gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ọjà jù mí lọ, mo sì fẹ́ kí ìpékeré wa dé Ìbàdàn tí ẹ ń wí. Ta ni yóò bá mi mú un débẹ̀?"

Akínpẹ̀lú bi í léèrè pé, "Bí mo bá ní ohun tí o sọ ò dára, ṣé wàá gbọ́?"

"Màá gbọ́. Bí mi ò bá sì gbà, màá sọ ìdí rẹ̀ fún yín."

"Mo fẹ́ ọkọ̀ tuntun méjì fún àwọn tó ń tajà."

"Ọ̀kan," ni Kíkẹ́lọmọ fèsì. "Ó di ìgbà tí ọjà bá yá kí á tó sọ̀rọ̀ èkejì."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Akínpẹ̀lú láìfẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì Kíkẹ́lọmọ, máàpù Ìbàdàn wà lábẹ́ apá rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gá," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti Bódìjà."

Kíkẹ́lọmọ fa àga fún un.