Ilẹ̀kùn Tí Kò Yẹ Kó Ṣí

Àwọn Gíríìkì tó ń wá ra irun àgùntàn ń pe àwọn ará ìlú náà ní ará Fírígíà. Bírígè ni orúkọ tí àwọn baba ńlá wọn gbé kọjá òkun wá, ṣùgbọ́n kò sí alààyè tó ń jẹ́ ẹ mọ́. Orúkọ àwọn òkú ni.

Mánẹ́sì, agbẹ́-òkúta, ló gbẹ́ ilẹ̀kùn Ìyá Òkè, òrìṣà wọn, sára àpáta ẹ̀yìn ìlú. Irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣí. Iwájú rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbàdúrà. Èèwọ̀ kan ṣoṣo ló ní: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbẹ́ ihò tí ilẹ̀kùn fi ń yí, kó má baà ṣí. Ṣùgbọ́n Mánẹ́sì fẹ́ràn kí iṣẹ́ pé. Ó gbẹ́ ihò náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ó sì mú kí wọ́n dán.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìyàwó rẹ̀, Lálà, kú.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan Mánẹ́sì bá Tátíà, ọmọbìnrin rẹ̀, níwájú àpáta, tó lẹ etí mọ́ òkúta.

"Tátíà! Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ rọra, Bàbá. Màmá ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá mú mi. Wọ́n ní orí yín ṣì le bíi ti àtijọ́."

Ẹ̀rín fẹ́ pa á, torí bí Lálà ṣe máa ń bú u nìyẹn. Ìgbà náà ló wo ilẹ̀. Ìlà kan tó tẹ̀ bí ọrun wà nínú iyẹ̀pẹ̀, irú èyí tí ìdí ilẹ̀kùn máa ń fà tí wọ́n bá ṣí i.

Ó fa ọmọ náà sẹ́yìn, ó gbé òòlù. Bí etí ihò bá fọ́, ilẹ̀kùn kò ní rí ibi yí sí.

"Bàbá Tátíà," ohùn Lálà jáde látinú àpáta, "ta ló ń yan búrẹ́dì fún yín? Ẹ wo bí ẹ ṣe rù."

Ó dáwọ́ dúró.

"Ẹ gbé òòlù yẹn kalẹ̀, ọmọ Bírígè."

Lálà kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Mánẹ́sì lu ihò ìsàlẹ̀, ó lu tòkè, títí òkúta fi wó bo méjèèjì. Ohun kan ti ilẹ̀kùn látinú. Kò ṣí. Tátíà bú sẹ́kún.

Ó gbé e sí èjìká, wọ́n forí lé ilé. Kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀ òkè, ẹkún ọmọ náà dá.

"Bàbá, ẹ gbọ́."

Láti inú àpáta lókè, lọ́kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, bí agbẹ́-òkúta tó mọ iṣẹ́ tí kò sì kánjú, ó ń dún: kọ́, kọ́, kọ́.

"Àwọn náà ní òòlù," ni Tátíà wí.