Ìdajì Mìlímítà

"Gé e lẹ́ẹ̀kan sí i," ni ọ̀gá wí. "Igun kékeré yẹn nìkan ló kù."

Láńre kò gbé ọwọ́ kúrò lára ẹ̀rọ. Irin tó dè mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀ ni ìdérí ẹ́ńjìnnì píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tọ́ọ̀pù. Ooru ti lọ́ ọ, omi sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jò wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ó ti fi ẹ̀rọ bó ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè tẹ́jú. Gbogbo rẹ̀ ti ń dán, àfi igun kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tó ṣì dúdú.

"Ọ̀gá, Bàbá tó gbé e wá kọ ọ́ sínú ìwé pé a kò gbọdọ̀ bó ju ìdajì mìlímítà lọ. Ó ku díẹ̀ ká débẹ̀. Igun yẹn á sì gbà ju ìyẹn lọ dáadáa kó tó mọ́."

Bólúwají tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ní Ibereko wo ìta. Tírélà kan ti dúró sí ẹnu ọ̀nà láti àárọ̀, tọ́ọ̀pù tirẹ̀ náà wà nílẹ̀, ẹ̀rọ kan ṣoṣo yìí ni yóò sì gé méjèèjì.

Ohun tó ń ba Láńre lẹ́rù kò ṣòro. Nínú ẹ́ńjìnnì òde òní, inú tọ́ọ̀pù ni fáàfù máa ń wà. Nínú èyí tí wọ́n ṣe kí Nàìjíríà tó gba òmìnira yìí, ẹ̀gbẹ́ pístìnì ni fáàfù ti ń yọrí sókè láti ìsàlẹ̀, tọ́ọ̀pù kàn dé e lórí bí ìdérí ìkòkò ni. Bí wọ́n bá bó ìdérí náà jù, fáàfù yóò máa fi orí sọ ọ́. Ó sì hàn lára irin náà pé ẹnìkan ti bó o rí, bóyá kí wọ́n tó bí Láńre pàápàá.

"Ọkọ̀ tó fẹ́ rin ìrìn kan péré, láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ìtẹ́ òkú," ni Bólúwají wí, "kí lò ń wọ̀n bí ẹni tó ń wọn wúrà? Tẹ̀ ẹ́."

Ọdún mọ́kànlá ni Láńre ti fi ń bá a ṣiṣẹ́, láti ìgbà tó ti Ìkọ́lé-Èkìtì dé. Kò ta kò ó rí. Ó tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́, ojú irin náà ń dán bíi dígí. Láńre wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti lé ní mìlímítà kan.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ yẹn náà ni Bàbá Barnabas dé. Olùkọ́ iṣẹ́ irin tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ Ògù láti Àgbádárìgì, ohùn Ògù sì máa ń hàn nínú Yorùbá rẹ̀. Dámisọ́lá ìyàwó rẹ̀ ló ti kú láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ìyàwó yìí ló ni píkọ́ọ̀pù náà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi fúnra rẹ̀ wà á, tó ń fi í kó àgbọn láti àwọn abúlé etíkun lọ sọ́jà. Ó ti wí pé ọkọ̀ náà ni kí wọ́n fi gbé òun lọ sílé ìkẹyìn, ọjọ́ kejì sì ni ìsìnkú.

Bàbá yọ awò ojú rẹ̀, ó wo irin náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Bólúwají sọ fún un pé bó ṣe kọ ọ́ gan-an ni àwọn ṣe é. Bàbá kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó di ọwọ́ Láńre méjèèjì mú, ó sì ṣàdúrà pé Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọwọ́ náà rọ.

Àdúrà yẹn wọ Láńre lára ju èébú lọ. Bàbá ti gbé irin náà dé ẹnu ọ̀nà kí ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Ó lé ní mìlímítà kan tí mo bó kúrò níbẹ̀. Èmi ni mo tẹ ẹ̀rọ."

Bólúwají dá a lóhùn kí Bàbá tó lè sọ̀rọ̀. Kò pariwo. "Láńre, bí o bá bá wọn jáde ní géètì yẹn, má padà wá mọ́."

Láńre wo ẹ̀rọ náà, ó tún wo ọkùnrin arúgbó tó di irin mọ́ àyà. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé e kọ́, ó sì jáde.

Nílé Bàbá, lẹ́bàá ọ̀sà, píkọ́ọ̀pù náà wà lábẹ́ àtíbàbà, wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́. Kí ó lè mọ àyè tó kù láàárín fáàfù àti tọ́ọ̀pù, Láńre po amọ̀, ó lẹ díẹ̀díẹ̀ mọ́ orí fáàfù kọ̀ọ̀kan, ó de tọ́ọ̀pù mọ́ ọn, ó sì rọra fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì. Níbì kan, irin kan irin. Ó dáwọ́ dúró. Nígbà tí wọ́n ṣí i, amọ̀ orí fáàfù méjì ti já gba àárín. Ká ní wọ́n ti tan ẹ́ńjìnnì náà ni, ojú ọ̀nà ni ìbá kú sí, pẹ̀lú pósí lẹ́yìn rẹ̀.

Títílọpẹ́, àkọ́bí Bàbá, béèrè bóyá ó ṣeé tún ṣe kílẹ̀ tó ṣú. Láńre ṣàlàyé pé òun lè gbẹ́ ojú ibi tí fáàfù méjèèjì ti ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n omi ń gba abẹ́ ibẹ̀, irin náà sì ti fẹ́lẹ́. Kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú: bí ọwọ́ bá ṣì í pẹ́nrẹ́n, ó ti lu nìyẹn, kò sì sí òmíràn níbì kankan. Títílọpẹ́ ní kí àwọn kúkú pe ọkọ̀ ìgbókùú.

Bàbá jókòó sí etí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ kan táyà iwájú.

"Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń yí," ó ní. "A ó tì í."

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ní ọjọ́ Ẹtì. Títílọpẹ́ di sítíárìn mú, Bàbá jókòó tì í, àwọn èèyàn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti àwọn obìnrin alágbọn sì yí ọkọ̀ ká. Láńre wà lẹ́yìn, ní ọwọ́ òsì. Nígbà tí wọ́n yà kúrò lójú ọ̀dà, táyà wọnú iyanrìn, ọkọ̀ dúró, ó fẹ́ máa padà sẹ́yìn, pósí sì sún. Láńre fi èjìká gbà á. Obìnrin alágbọn kan tó ń jẹ́ Hikmat já gèlè rẹ̀, ó ká a sábẹ́ táyà, ó ní kí gbogbo wọn tì í pa pọ̀. Ọkọ̀ náà gbéra. Láti ibẹ̀ lọ, wọn kò dáwọ́ dúró títí wọ́n fi dé ẹnu ibojì.

Lẹ́yìn tí àwọn èèyàn ti túká, Bàbá gbé tọ́ọ̀pù náà jáde, ó ti fi aṣọ wé e. Ó gbé e lé Láńre lọ́wọ́.

"Gbẹ́ ojú fáàfù méjèèjì bí o ṣe wí. Rọra ṣe é. Kò sí òkú tí à ń kánjú fún mọ́."

Láńre ní òun kò ní ṣọ́ọ̀bù tí òun yóò ti ṣe é mọ́. Bàbá dáhùn pé yàrá kan wà lẹ́yìnkùlé òun, tí bẹ́ǹṣì àti fáìsì tí wọ́n fi ń di irin mú wà níbẹ̀, ẹnìkan kò sì fọwọ́ kàn wọ́n láti ìgbà tí òun ti fẹ̀yìn tì.

Láńre yí irin náà padà, ó fi ìka tọ ibi tó tínrín jù lọ.

"Ṣé fáìlì tó ń ha irin dáadáa wà níbẹ̀, Bàbá," ó béèrè, "àbí kí n mú tèmi dání bí mo bá ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé?"