Oúnjẹ Ẹ̀yìn Kọ́tìnì

Ọdún mẹ́tàlélógún ni èmi àti ìyàwó mi fi jẹun nínú abọ́ kan náà. Kì í ṣe pé abọ́ wọ́n wa nílé o. Lọ́sẹ̀ tí a kó wọlé pọ̀, abọ́ kan ṣoṣo tí kò sán la ní. Nígbà tí a fi máa ra òmíràn, ọwọ́ wa ti mọ́ ara wọn nínú ti àkọ́kọ́.

Télọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà nísàlẹ̀, yàrá wa wà lókè rẹ̀. Ìyàwó mi ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nídìí ìwọ̀n níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Ọkọ̀ àjàgbé á gun orí irin fífẹ̀ kan nílẹ̀, ìyàwó mi á wà nínú yàrá onígíláàsì lókè, á wo bí ọkọ̀ àti ẹrù ṣe wúwo tó, á tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, á sì na ìwé náà sí awakọ̀ lójú fèrèsé. "Màmá Oníwọ̀n" ni gbogbo awakọ̀ ń pè é. Bí ẹrù bá ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀bẹ̀ kì í ràn án. Ẹ padà lọ dín in kù ni.

Ìyàwó mi sanra. N kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wà lára ohun tí ojú mi kọ́kọ́ rí tí ọkàn mi fi ṣubú yàkàtà. Àmọ́ nígbà tó pé àádọ́ta ọdún, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà, ìtọ̀ ṣúgà wọlé dé, àtẹ̀gùn tó ń gùn lọ sẹ́nu iṣẹ́ sì di òkè tó ń sinmi lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà ní bó bá gbà, àwọn lè gé lára àpò tí oúnjẹ ń wọ̀ nínú rẹ̀, kó lè máa tètè yó. Èmi ni jìnnìjìnnì bò. Òun ń bi dókítà ní ìbéèrè bí ẹni ń bi awakọ̀ tó kó ẹrù jù. Nígbà tí ìyẹn dáhùn tán, ìyàwó mi tún gèlè rẹ̀ wé.

"Ó dáa," ló wí. "Ẹ gé e."

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Ohun tó ṣẹ́kù nínú àpò oúnjẹ rẹ̀ kò ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan lọ. Mo béèrè lọ́wọ́ dókítà pé èyí tí wọ́n gé ńkọ́, ó ní wọ́n ti kó o dànù. Ó dùn mí díẹ̀. Èmi náà ti bá wọn bọ́ ọ fún ọdún mẹ́tàlélógún.

Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan niṣẹ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú, àmọ́ òfin rẹ̀ le ju irin lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, omi àti omi ọbẹ̀ tí a sẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, ohun tí a lọ̀ kúnná. Lẹ́yìn náà, ohun rírọ̀. Kó rún òkèlè lẹ́nu tó ogún ìgbà kó tó gbé e mì. Omi àti oúnjẹ kò sì gbọdọ̀ pàdé: bí ọ̀kan bá wọlé, kí èkejì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́nu ọ̀nà.

"Bí orogún méjì," ni ìyàwó mi wí.

Nọ́ọ̀sì yẹn rẹ́rìn-ín títí, ó fi ọwọ́ di ògiri mú.

Nígbà tí a délé, mo ra ṣíbí kékeré irú èyí tí wọ́n fi ń fún ọmọ ìkókó lóúnjẹ. Ó ń mu omi díẹ̀díẹ̀, bí ẹyẹ tó bà létí kòtò. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ jẹ ẹ̀wà tí mo lọ̀ mọ́ ẹja, ṣíbí mẹ́ta péré ló jẹ. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó wo inú abọ́, ó wo ojú mi, ó tún wo inú abọ́.

"Bàbá, mo ti yó o! Ta ló bá mi jẹ ẹ́?"

A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Gbogbo ọjọ́ kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀ o. Lọ́jọ́ kan, ẹyin tí mo dín gbẹ jù há a láyà, ó sáré wọ balùwẹ̀, èmi sì dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń ṣe "pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́" bí ẹni tí wọ́n tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, aládùúgbò wa ń dín àlùbọ́sà, òórùn rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, mo sì rí i tí ìyàwó mi yíjú sí ògiri tó ń nu ojú. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo pinnu pé ìkà gbáà ni kí ọkùnrin tó gbádùn máa da ìrẹsì sẹ́nu níwájú ẹni tó ń fi ṣíbí ọmọ wọn omi ọbẹ̀.

Ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù mi, kọ́tìnì kan wà tí àwọn oníbàárà ń wọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti dán aṣọ wò. Ibẹ̀ ni mo sọ di ilé oúnjẹ. Tó bá di ọ̀sán, mo á gbé abọ́ wọ ibẹ̀, mo á fa kọ́tìnì dé, mo á jókòó sórí àpótí, mo á jẹ kíákíá, mo á nu ẹnu, mo á gòkè lọ bá ìyàwó mi. Bó bá bi mí pé ṣé mo ti jẹun, mo á ní oníbàárà kan ló fún mi ní nǹkan fi panu. Nígbà tó yá, mo ní oníbàárà ọlọ́làwọ́ tó pọ̀ ju aṣọ tí mò ń rán lọ.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí èèyàn bá fi ìbẹ̀rù jẹ kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró. Nígbà tí a jọ ń jẹ, ọ̀rọ̀ máa ń dá ọwọ́ mi dúró. Lẹ́yìn kọ́tìnì, kò sí ọ̀rọ̀. Lọ́sàn-án kan náà tí mo dín síkẹ́ẹ̀tì ìyàwó mi kù ní ìka mẹ́ta, ni mo jókòó tú ìdí ṣòkòtò ara mi, mo fi ìka méjì kún un. Mo sì fi òwú tí àwọ̀ rẹ̀ bá a mu rán an kó má baà hàn.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, ìyàwó mi padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn awakọ̀ fọn fèrè ọkọ̀ kí i káàbọ̀ débi pé eruku dìde. Ọ̀kan wà nínú wọn tí wọ́n ń pè ní Kò-sí-Ìjánu. Ìjánu ọkọ̀ rẹ̀ dáa o. Ẹnu rẹ̀ ni kò ní. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé àkàrà òyìnbó ńlá kan wá, tí ìpara ṣúgà funfun bò látòkè délẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó mi mọ òfin. Àmọ́ ó ní ọkùnrin yẹn ń wo ẹnu òun bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò, ojú sì ń ti òun láti kọ̀. Ló bá gé e, ó jẹ ẹ́ ní ìdúró, kò ka ogún, kò ka márùn-ún pàápàá. Kò pẹ́ tí òógùn tútù fi bò ó, àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì, yàrá ń yí i lójú, inú ń lọ́ ọ. Ó rọra dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀. Ọkọ̀ Kò-sí-Ìjánu wà lórí ìwọ̀n, ó ń retí ìwé, ìwé kò jáde. Ló bá gun àtẹ̀gùn lọ, ó yọjú, ó sì ké:

"Ẹ gbà mí o! Mo ti pa Màmá o!"

Wọ́n pè mí. Mo já sójú títì pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn àti abẹ́rẹ́ mẹ́ta láyà ẹ̀wù. Nígbà tí mo débẹ̀, ọkọ̀ àjàgbé mẹ́jọ tò lẹ́yìn ara wọn, wọ́n ti pa ẹ́ńjìnnì gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó fọn fèrè. Mo ní ó ti parí fún mi. Mo sáré gòkè. Ìyàwó mi ni mo bá lórí ilẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, tẹlifóònù wà létí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kejì ń na ìwé sí Kò-sí-Ìjánu.

Nọ́ọ̀sì oúnjẹ ló ń bá sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń jáde: "Ṣúgà ló sáré já sínú ìfun kí ara tó múra dè é, Mà. Ẹ sinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí i, á rọlẹ̀. Mi ò ní bá yín jà. Ara yín ti bá yín jà."

Kò-sí-Ìjánu kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì. "Màmá, ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń gbé òkúta. Mi ò tíì gbé ohun tó wúwo tó ẹ̀bi tòní."

"Dìde," ni ìyàwó mi wí, "èmi ni mo la ẹnu, ìwọ kọ́ lo là á fún mi. Gba ìwé ẹ, kó o kúrò lórí ìwọ̀n. Èèyàn wà lẹ́yìn ẹ."

Láti ọjọ́ kejì, ẹyin bíbọ̀ ni wọ́n ń gbé wá. Ẹyin méjìlá á tò sórí tábìlì fún ẹni tí kò lè jẹ ju àbọ̀ kan lọ.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn èyí, ó lọ rí nọ́ọ̀sì, kò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó gba ṣọ́ọ̀bù wọlé, síkẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ tún ti ń jábọ́, ó fi ọwọ́ dì í mú. Oníbàárà mi kan, ìyá arúgbó tó ń retí ẹ̀wù rẹ̀, wà lórí àga. Ìyàwó mi kí i, ó sì lọ tààrà sídìí kọ́tìnì láti pààrọ̀ aṣọ.

Wàá! Kọ́tìnì ṣí.

Mo wà lórí àpótí, abọ́ ìrẹsì wà lórí itan mi, itan adìẹ sì wà lẹ́nu mi. N kò lè gbé e mì, n kò lè yọ ọ́. Àwa méjèèjì ń wo ara wa.

Ìyá arúgbó na ọrùn. "Télọ̀," ó ní, "ṣé adìẹ náà ń dán aṣọ wò ni?"

Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra fa kọ́tìnì náà padà, bí ẹni tó ṣi yàrá wọ̀, mo sì gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Mo tẹ̀ lé e lókè. Ó jókòó sídìí tábìlì, omi wà lójú rẹ̀.

"Ìyá wa, jọ̀ọ́," mo ní. "Mo mọ̀ pé oúnjẹ ń wù ọ́. Mi ò fẹ́ kó o máa rí i ni."

"Ta ló sọ fún yín pé oúnjẹ ló ń pa mí lẹ́kún?" Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́rin rèé tí mo ti ń dá jẹun, Bàbá. Mo máa jẹ ṣíbí kan, mo máa wo aago. Mo máa jẹ ṣíbí kejì, mo máa wo aago. Mo rò pé ojú mi ló sú yín. Mo ní bóyá torí pé mi ò tóbi bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ẹ ò rẹ́ni bá jókòó."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi ju abẹ́rẹ́ lọ. Èmi tí mo rò pé àánú ni mò ń ṣe, ìyà ni mo fi ń jẹ ẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: àpótí, àwọn oníbàárà ọlọ́làwọ́ tí kò sí níbì kankan, àti ṣòkòtò tí mo tú.

"Ẹ tú ṣòkòtò?" ó ní. "Ìka mélòó?"

"Méjì."

Ìgbà yẹn ló rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín débi tó fi ń di ojú egbò ikùn rẹ̀ mú, tó ń ní kí n má ṣe jẹ́ kí òun kú.

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ gbé abọ́ mi wá. Láti ọjọ́ náà, abọ́ méjì la ń gbé sórí tábìlì, tèmi àti tirẹ̀ kékeré. Kò rọrùn níbẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fi ń jẹun tẹ́lẹ̀, òun sì ń lò tó ọgbọ̀n. Ó ní kí èmi náà máa ka ogún. Mo kà á dé mẹ́sàn-án, ọ̀rọ̀ kan sọ sí mi lọ́kàn, mo sọ ọ́, iye tí mo kà sì sọ nù. Ó ń sọ ìtàn àwọn awakọ̀ fún mi láàárín ṣíbí kan sí èkejì. Kí ó tó sọ ìtàn kan tán, mo á rí i pé mo ti yó, oúnjẹ sì ṣì wà nínú abọ́ mi. Irú ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí láti ìgbà èwe mi.

Ní oṣù kẹfà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, dókítà wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní kó dá oògùn ìtọ̀ ṣúgà dúró. A yà sílé oúnjẹ kan lọ́nà láti fi yọ̀. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan wá bi wá pé kí la fẹ́. Ìyàwó mi tọ́ka sí ẹja pẹ̀lú ọ̀dùnkún títẹ̀ nísàlẹ̀ ìwé oúnjẹ wọn.

"Abọ́ ọmọdé nìyẹn, Mà," ni ọkùnrin náà wí. Ó wo abẹ́ tábìlì, ó wo ẹ̀yìn mi. "Ọmọ náà dà? Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta," ni ìyàwó mi dá a lóhùn. "Ó ti ń ké nítorí ebi. Ẹ bá a ṣe é kíá."

Ọkùnrin náà tẹrí ba, ojú rẹ̀ le bíi ti adájọ́. Ó gbé ẹja náà dé, bàlúùnù pupa kan sì so mọ́ etí àwo, nítorí bí wọ́n ṣe ń gbé e fún àwọn ọmọdé nìyẹn. Ìyàwó mi jẹ ìdajì rẹ̀, ó ní kí wọ́n di ìyókù fún òun. Ó so bàlúùnù náà mọ́ àpò ìfàlọ́wọ́ rẹ̀, a sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé láàárín ọ̀sán, gbogbo ọmọ tó pàdé wa ló ń yí ọrùn padà wò ó.